Àdáṣe Kì í Ṣe Òye: Àgbéyẹ̀wò Ojú-Ìwé Àkóso Django

Ilé-iṣẹ́ ìwé-ìròyìn kan ní ìlú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, ni Adrian Holovaty àti Simon Willison ti bẹ̀rẹ̀ Django, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ́ ìkànnì, ní ọdún 2003. Ní 2005 ni wọ́n gbé e jáde fún gbogbo ayé láti lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ibẹ̀ ni ojú-ìwé àkóso rẹ̀ ti ṣẹ̀: oníròyìn ní láti rí ibi tí yóò kó ìròyìn sí, yàtọ̀ sí ojú-ìwé tí ará ìlú ń kà.

Gbígbé e kalẹ̀ kò le. Àṣẹ migrate ni yóò tẹ́ àwọn tábìlì dátà sílẹ̀. Createsuperuser ni yóò dá ọ̀gá àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo, admin.site.register(Iwe), ni yóò sì mú àwọn ìwé inú ilé-ìkàwé kan jáde, tòun ti fọ́ọ̀mù tí a ó fi máa tún wọn ṣe. Èyí ni wọ́n ń pè ní àdáṣe, ìyìn rẹ̀ sì tọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, ohun tí ẹni tó kọ ètò bá sọ nípa dátà ni ojú-ìwé yìí ń tún sọ. Yorùbá ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ti Django kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá dákẹ́, ẹ̀rọ á bá a sọ̀rọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò sì fi sọ ọ́. Ìwé kìn-ín-ní á di "Iwe object (1)". Ọ̀pọ̀ ìwé á di "Iwes", nítorí pé "s" ni Django ń fi kún ẹyọ kí ó lè di ọ̀pọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà. "Àwọn" tí ó ṣíwájú rẹ̀ ni ó ń fi ọ̀pọ̀ hàn. Àtúnṣe kò ṣòro: kí a kọ "àwọn ìwé" sí verbose_name_plural, kí __str__ sì dá àkọlé ìwé padà.

Bákan náà ni ti àṣẹ. Ọ̀gá tí createsuperuser dá sílẹ̀ lè pa ohun gbogbo rẹ́. Django ya wíwò, fífikún, títúnṣe àti píparẹ́ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tí ó tọ́ sí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ilé-ìkàwé ló lè pín in.

Nítorí náà, ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ojú-ìwé àkóso jẹ́. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a, òun ló gbà kí ẹ̀rọ sọ ìwé àwọn èèyàn rẹ̀ lórúkọ tí wọn kò mọ̀.