Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí A Fi Ògiri Dí

Ẹni tó bá dúró lórí òkè Màpó, níbi tí gbọ̀ngàn ìlú ti wà láti 1929, yóò rí òrùlé páànù tó ti dípẹtà títí dé Bẹẹrẹ. Lábẹ́ wọn, àwọn kan ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé sí fúláàtì: wọ́n tẹ́ táìsì, wọ́n fi pí-ó-pí ṣe àjà. Iṣẹ́ náà dùn ún wò. Ta ni kò sì fẹ́ balùwẹ̀ tirẹ̀? Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe àyè òfìfo. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn ti ń gba àgbàlá wọlé. Ibẹ̀ ni baálé ti ń parí ìjà. Ẹni tó bá fi ògiri dí i ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́, ó sì sọ ọmọ ìyá di ayálégbé. Ẹ tún yàrá ṣe. Ẹ dá ọ̀dẹ̀dẹ̀ sí.