Ibo Ni Omi Sonic Gbà Lọ?

Ẹ lọ sórí YouTube, ẹ wá fídíò Sonic the Hedgehog, géèmù tí Sega gbé jáde fún Mega Drive lọ́dún 1991. Ẹ mú èyí tí ẹni tó ṣe é ń fọ́nnu pé àwòrán tòun ló mọ́ jù. Tẹ́ ẹ bá ti wọ Green Hill, ìpele àkọ́kọ́, ẹ dúró níwájú omi tó ń já bọ́ látòkè yẹn, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa. Kì í ṣe omi mọ́. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, búlúù kan, àlàfo kan, bí òwú tí wọ́n ta sórí òfì tí wọn ò tíì hun. Bẹ́ẹ̀ omi ni àwa rí nígbà tá a wà lọ́mọdé. A tiẹ̀ máa ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó jí omi náà. Mega Drive ò ní ọ̀nà tó rọrùn láti ya ohun téèyàn lè ríran gba inú rẹ̀ kọjá, bíi gíláàsì tàbí omi. Ohun táwọn ayàwòrán wá ń ṣe nígbà yẹn ni pé wọ́n á ya ìlà àwọ̀ kan, wọ́n á fi ìkejì sílẹ̀ lófìfo, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìparí. Wáyà ló ń bá wọn parí iṣẹ́. Wáyà ẹ́ríàlì àti wáyà olórí yẹ́lò kì í gbé àwòrán geere. Wọ́n máa ń da àwọ̀ tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pọ̀ kó tó dé ojú tẹlifíṣọ̀n. Búlúù á yọ́ mọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, omi á sì jáde. Àbùkù wáyà ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí àbùkù yẹn ni wọ́n ti ya àwòrán náà.

Lóde òní, ẹni tó bá fẹ́ gba géèmù àtijọ́ sílẹ̀ á lọ wá wáyà RGB, tó ń gbé pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Nǹkan kan ò ní da pọ̀ mọ́ nǹkan kan mọ́. Gbogbo igun á mú bí abẹ. Omi á sì kú.

Ìyẹn gan-an ni ẹjọ́ wa. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun kan ṣoṣo làwọn èèyàn fi ń díwọ̀n fídíò géèmù: ṣé ó mọ́ àbí kò mọ́? A ò rí ẹni tó ń béèrè pé, mímọ́ fún kí ni? A ò ní dá àwọn My Life in Gaming lẹ́bi o. Ètò wọn tí wọ́n pè ní RGB Master Class ló kọ́ àwa náà ní iṣẹ́ yìí. Sùúrù wọn pọ̀, wọ́n máa ń gbé wáyà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà mìíràn kí ojú rẹ fúnra rẹ lè ṣèdájọ́. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló mú èsì, tí wọ́n fi ìbéèrè sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ má bàa rò pé ọ̀rọ̀ wáyà nìkan ni, ẹ jẹ́ ká wo NES, ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́. Ẹ̀rọ yẹn ò lè fi ju ègé mẹ́jọ tó ń rìn hàn lórí ìlà kan náà, ọ̀tá kan ṣoṣo sì lè gba ègé méjì tàbí mẹ́ta. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, géèmù á máa fi wọ́n gba ipò ara wọn: àwọn wọ̀nyí nínú àwòrán yìí, àwọn yòókù nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, 60 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú ẹni tó ń ta géèmù, gbogbo wọn ń ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n gbogbo wọn wà níbẹ̀. YouTube ò sì gba ju 30 lọ títí di ọdún 2014. Àwòrán kan nínú méjì méjì ló ń dànù. Tó bá wá lọ jẹ́ pé inú èyí tó dànù ni ọ̀tá wà ńkọ́? Ó ti tán nìyẹn. Ẹ ó rí ọkùnrin kan tó ń sá fún afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ á sì pa á. Àìmọye fídíò bẹ́ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tí wọn ò fọwọ́ kan NES rí sì ń wò ó, wọ́n ń rò pé bí géèmù náà ṣe rí nìyẹn.

Àwọn Digital Foundry ní Bìrìtìkó mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ wọn ni láti ka iye àwòrán tí géèmù tuntun ń gbé jáde. Tí gbígbà tiwọn bá ju àwòrán kan nù, irọ́ ni wọ́n máa pa mọ́ ẹni tó ṣe géèmù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ra bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Kí ló dé tí a kì í ṣọ́ra bẹ́ẹ̀ fún géèmù àtijọ́, tí kò lè gbèjà ara rẹ̀?

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, YouTube á tún fún fídíò yín mọ́lẹ̀. Ẹ fojú bù ú: àwòrán 1080p ní 60, tí ẹnikẹ́ni ò bá fún un, á gba nǹkan bíi 373 mílíọ̀nù báìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tí YouTube ń dámọ̀ràn pé kẹ́ ẹ gbé wá jẹ́ mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ péré, ohun tó sì ń fún òǹwòran kò tó ìyẹn. A ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ yẹn gan-an, wákàtí kan rẹ̀ ti lé ní 5 GB, ẹ sì mọ iye tí dátà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tó ń kọ́kọ́ bàjẹ́: òjò, koríko, eruku. Àwọ̀ náà ń jìyà, torí pé àmì mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fún ní àwọ̀ kan lò pọ̀. Pupa tẹ́ẹ́rẹ́ lórí dúdú á di ẹrẹ̀. Ọgbọ́n tí a ń dá sí i ni pé ká kọ́kọ́ fẹ àwòrán náà lójú, kí àmì kan di mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká tó gbé e lọ. Ìyẹn ṣiṣẹ́, ẹ dán an wò.

Ní ti àwọn tó ń na àwòrán SNES kó lè kún ojú fóònù, tí Mario wá fẹ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta, a ò ní sọ̀rọ̀.

Ohun tó dùn wá jù ni iyára. London ni ẹ̀gbọ́n kan ti mú Mega Drive tiwa wálé. Ẹ̀rọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bíi tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa, 50 ló ń ṣe ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe 60 ti Amẹ́ríkà àti Japan. Wọn ò sì tún Sonic ṣe fún 50. Ohun tó ń gba ìṣẹ́jú kan níbòmíràn, ìṣẹ́jú kan àti àáyá méjìlá ló ń gbà lọ́wọ́ wa. Orin rẹ̀ ń fà díẹ̀, ìgbànú dúdú kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀. Nígbà tá a kọ́kọ́ rí i lórí YouTube, a rò pé ẹnì kan ló sáré fídíò náà. Àṣé 60 ni wọ́n kà sí ojúlówó. Gbogbo àwọn tó ń tún géèmù yìí gbà sílẹ̀ "bó ṣe yẹ kó rí", 60 ni wọ́n ń gbà. Èyí tí àwa ta, "àṣìṣe" ni wọ́n ń pè é.

Ni a bá ní ká gbà á sílẹ̀ fúnra wa. Wáyà ẹ́ríàlì ò ṣeé ki bọ capture card tá a yá, torí náà olórí yẹ́lò la lò. Ẹ̀rọ géèmù yìí máa ń fa ìlà kan náà lórí ara wọn ní gbogbo ìgbà. Capture card ò mọ̀. Ó rò pé ìdajì àwòrán ló ń gbà, ó ń lẹ àwòrán méjì pọ̀ di ẹyọ kan. Bí Sonic bá ti sáré báyìí, ara rẹ̀ á yọ eyín bí òòyà. 50 ti di 25. Ọjọ́ méjì la fi yanjú ìyẹn. Lọ́jọ́ kẹta, a gba wákàtí kan gbáko pẹ̀lú OBS, wọ́n mú iná. MP4 la fi ń gbà á, MP4 tí kò bá parí dáadáa kì í ṣeé ṣí. (MKV ni kẹ́ ẹ máa lò, ẹ jọ̀ọ́. Tí iná bá lọ, ohun tẹ́ ẹ ti gbà á ṣì wà níbẹ̀.)

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá la rí gbà nígbẹ̀yìn. A fi ìgbànú dúdú rẹ̀ sílẹ̀, a fi 50 rẹ̀ sílẹ̀, a gbé e sórí YouTube. Àwòrán náà ń gbọ̀n díẹ̀, àwọ̀ ń ṣàn sára ara wọn. A fi han àbúrò wa kan tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ó wò ó títí dé Green Hill, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ló ń lọ́ra ni?" Lẹ́yìn náà ó fa fóònù sún mọ́ ojú rẹ̀. "Ẹ wo omi yẹn o. Ó ń ṣàn."