Ìwọ̀n Tí A Fi Ń Wọn Àwọn Ìjọba Ńlá

Ó ti di àṣà nínú ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ pé kí a to àwọn ìjọba ńlá ayé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí a sì béèrè èyí tí ó lágbára jù lọ. Róòmù, Mongol, Inka, Gẹ̀ẹ́sì: a fi ọ̀dà kun ilẹ̀ oníkálukú lórí àwòrán ayé, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ bá sì gbòòrò jù ni ó gba ipò kìíní. Bí ọ̀rọ̀ bá kan Áfíríkà, a ó dárúkọ Mansa Musa tí ó lọ sí Mẹ́kà ní 1324, a ó ròyìn wúrà rẹ̀, ó parí. Ó yẹ kí a fi ìjọba wé ìjọba. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ìwọ̀n tí a ń lò ni mo lòdì sí.

Ẹ jẹ́ kí a ti Marabadiassa, ní ìhà Bouaké ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, wo ọ̀rọ̀ náà. Ní àríwá ibẹ̀ ni Kong wà, ìjọba tí Seku Watara dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Òwò àti ìmọ̀ Kùránì ni òpó rẹ̀. Binger, ará Faransé, dé ibẹ̀ ní 1888. Ní 1897 ni Samori Ture pa ìlú náà run.

Samori gan-an ni ó ba ìwọ̀n ọlọ́dà yìí jẹ́. Láti 1882 títí di 1898 ni ó fi bá Faransé jagun. Àwọn alágbẹ̀dẹ rẹ̀ ń rọ ìbọn tí wọ́n fi ti Faransé ṣe àwòkọ́ṣe. Nígbà tí ogun le mọ́ ọn ní ilẹ̀ Gíní, láti bí 1892, ó kó ìjọba rẹ̀ nílẹ̀, àti ọmọ ogun àti ìdílé, ó forí lé ìlà-oòrùn, ó ń dáná sun ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀, títí ó fi fìdí kalẹ̀ sí Dabakala. Ìdílé ọba Pọtogí náà kó ààfin wọn lọ sí Brazil ní 1807, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ó ti jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sá lọ. Samori ń ṣẹ́gun ilẹ̀ tuntun bí ó ti ń rìn ni. Ọ̀dà wo ni a ó fi kun ìyẹn?

Síbẹ̀, àwọn kan ni ó forí fá a. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn tí Samori kó lẹ́rú ni a tà fún àwọn Baule, kí ọmọ ogun lè rí oúnjẹ. Ní Gíní, akọni ni: Sékou Touré pè é ní baba ńlá rẹ̀, a sì gbé egungun rẹ̀ padà wálé ní 1968 láti Gabon tí ó kú sí ní 1900. Ní Kong, ẹni tí ó sun ìlú ni. Olùkọ́ tí ó bá sọ ọ̀kan tí ó fi èkejì pamọ́ kò kọ́ni ní ìtàn. Oríkì ni ó ń kì.

Àwa Yorùbá kò sì kẹ̀rẹ̀ nínú oríkì kíkì. A ń fọ́nnu pé Dahomey ń san ìsákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ títí Gezo fi kọ̀ ní nǹkan bí 1823, ṣùgbọ́n ta ni ó béèrè bí ẹrù náà ti wúwo tó lọ́rùn àwọn ará Abomey? Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́, Òkè Ọya ni a sì ti ń ra ẹṣin. Kí ọ̀tá òde tó dé ni Àfọ̀njá ti dìtẹ̀ ní Ìlọrin. Bákan náà ni ti Inka: nígbà tí àwọn ará Sípéènì tí kò tó 200 dé bá wọn ní 1532, àwọn ọmọ ọba méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ara wọn jà tán ni. Àfiwé tí ó ní èrè nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ló wà láàárín wọn.

Ní Íńdíà ẹ̀wẹ̀, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ àgbà ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe àkóso àìmọye ènìyàn. Àwọn ọmọ Íńdíà ni ó ń kọ̀wé, àwọn ni ó ń gba owó orí, àwọn ni ó ń gbé ìbọn. Àwọ̀ pupa orí àwòrán kò fi wọ́n hàn.

Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ pé ìjọba wo ló tóbi jù, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ ọba dé ẹnu ibodè, iye ọjọ́ tí ó fi ń rìn, àti ẹni tí ó ń bọ́ ọ lọ́nà. Ọ̀yọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.