Òkúta 121 àti Òkúta 130: Àríwísí lórí Ìparí Eré inú Ìwé Meijin

Eré Go kan tó wáyé ní tòótọ́ ni Kawabata Yasunari gbé ìtàn àròsọ rẹ̀, Meijin, kà. Honinbo Shusai, ọ̀gá àgbà ẹni ọdún 64, fi eré náà dágbére fún ọpọ́n ní ọdún 1938. Kitani Minoru, ẹni ọdún 29, ni alátakò rẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà, wọ́n parí ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, nítorí pé àìsàn ọ̀gá dá eré dúró fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Kitani, tó ni òkúta dúdú, fi ilẹ̀ 5 borí. Kawabata wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníròyìn. Nínú ìwé, ó sọ Kitani di Otake, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ Shusai sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Edward Seidensticker ṣe ní 1972 ni a lò níhìn-ín.

Ó rọrùn láti ka ìwé yìí tán kí a sì gbà pé ọ̀dọ́kùnrin kan fi ẹ̀tàn ba iṣẹ́ àgbà jẹ́. Èrò tiwa ni pé ọpọ́n fúnra rẹ̀ kò jẹ́rìí sí ìyẹn.

Ìlà 19 ní ìbú àti 19 ní òró ló wà lára ọpọ́n Go, orí oríta 361 tí wọ́n bí ni a sì ń gbé òkúta sí. (Ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀ta ayò ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà ‘ọpọ́n’, ṣùgbọ́n òkúta Go kì í rìn bí ọmọ ayò. Ibi tí a bá gbé e sí ni yóò wà, àfi bí alátakò bá mú un.) Ẹni tó bá sọgbà yí ilẹ̀ tó pọ̀ jù ká ló borí. Bí eré bá ti ń lọ sópin, ààlà ló kù láti dí. Nígbà náà, ọ̀ta gbọ́dọ̀ tọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tí eré lè gbà dé òpin, kí ó sì ka ilẹ̀ ibẹ̀ kí ó tó na ọwọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ dá eré dúró, ẹni tó kàn yóò kọ ibi tí òkúta rẹ̀ ń lọ sórí ìwé, wọn yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpòòwé, kí alátakò má baà fi àkókò ìsinmi ronú ìdáhùn. Báyìí ni Otake ṣe fi òkúta 121 pamọ́. Nígbà tí wọ́n ṣí àpòòwé, wọ́n wá ibẹ̀ lórí ọpọ́n tì fún ìgbà díẹ̀: àárín ni ogun ti gbóná, òkúta náà sì bọ́ sí ibi tó jìnnà sí i. Ó jẹ́ ìhàlẹ̀ tí Funfun kò lè ṣe aláìdáhùn. Inú bí Shusai. Lójú rẹ̀, Otake fi òkúta tí kò gba ìrònú ra ọjọ́ tí yóò fi ronú sí ogun àárín.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ẹ̀ka yìí wò. Lẹ́yìn òkúta 120, Dúdú ló kàn. Ó ta 121, Funfun fi 122 dáhùn, Dúdú ló tún kàn. Kò sí òkúta kan tó yẹ̀ ní àárín. Bí Dúdú bá fi ìhàlẹ̀ náà pamọ́ di ẹ̀yìn, Funfun lè gbé òkúta kan sí tòsí tí yóò sọ ọ́ di asán. Bí ó bá sì tètè lò ó, ó ti na ohun tí ì bá wúlò fún un nínú ìjà mìíràn. Ẹ̀tọ́ Dúdú ni, ìgbà tí yóò lò ó nìkan ló ṣeé jiyàn lé. Àkókò ni 121 gbà lọ́wọ́ Shusai, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fi ẹ̀sùn ìwà kan Otake lórí èyí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò kan ìṣirò ilẹ̀.

Òkúta 130 ló kàn án. Nígbà tí Dúdú fi 129 kọlu àárín, ọ̀gá kò dáhùn níbẹ̀. Ó yí padà lọ gbógun ti Dúdú níbòmíràn, àárín sì ya. Kawabata kò fi èyí pamọ́: ó kọ ọ́ gbangba pé 130 ló pa eré. Síbẹ̀, ó so 130 mọ́ 121 pẹ̀lú okùn ìbínú, ó sì fún wa ní ojú ọ̀gá àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, nígbà tí ẹ̀ka kejì, níbi tí Funfun ti dáhùn 129, kò rí ju ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ gbà. Ẹni tí kò mọ ọpọ́n kà yóò gba okùn yẹn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Òkúta mẹ́jọ ló sì wà láàárín 121 àti 130, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló ta márùn-ún nínú àwọn mẹ́sàn-án tó tẹ̀ lé 121. Ìbínú lè jẹ́ òótọ́. Ọwọ́ tó gbé 130 sílẹ̀ kì í ṣe ti Otake.

Òkúta 107 ló tún tẹ̀ lé e kí eré tó parí sí 237. Dúdú ti lo wákàtí 34 àti ìṣẹ́jú 19 nínú 40 tirẹ̀. Funfun kò lò tó 20. Nínú eré yìí, a kò fún Funfun ní àfikún kankan nítorí pé Dúdú ló kọ́kọ́ ta. Lónìí, ilẹ̀ 6½ ni wọ́n ń fún un ní Jàpáánì; lábẹ́ òfin yẹn, òkúta kan náà ì bá fi ilẹ̀ 1½ gbé Shusai lékè. Ṣùgbọ́n bí òfin yẹn bá ti wà ní 1938, láti òkúta kìíní ni Kitani ì bá ti ta eré mìíràn.