Ìjẹ́wọ́ Mẹ́ta Nínú Wake Up Dead Man

Látìgbà tí fíìmù Wake Up Dead Man ti jáde lọ́dún 2025, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ń jẹ ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ lẹ́nu. Báwo ni Monsignor Jefferson Wicks ṣe kú sínú yàrá kótópó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, lọ́jọ́ Ẹtì Rere, níṣojú ìjọ, láìsí ẹni tó rí apànìyàn? Wọn a máa tọ́ka sí The Hollow Man, ìwé ìtàn ìpànìyàn inú yàrá títì tí John Dickson Carr kọ lọ́dún 1935, nítorí pé fíìmù náà fúnra rẹ̀ dárúkọ ìwé ọ̀hún. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dájọ́ pé àlọ́ lásán ni Rian Johnson, olùdarí fíìmù náà, tún pa. Ìdájọ́ yìí kù díẹ̀ káàtó. Àwọn tó sì dá a mọ fíìmù wò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Fadá Jud Duplenticy (Josh O'Connor) jẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tẹ́lẹ̀. Ó ti lu ènìyàn pa lójú ìjà rí. Bíṣọ́ọ̀bù rán an lọ sí Chimney Rock, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ New York, lábẹ́ Wicks (Josh Brolin), àlùfáà tó ń fi ìbínú àti ìbẹ̀rù de ìwọ̀nba ọmọ ìjọ tó kù mọ́ra. Wicks kú, ojú gbogbo yí sí Jud, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Benoit Blanc (Daniel Craig) sì dé láti tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò.

Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ilẹ̀kùn kò ní rí ìjẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìjẹ́wọ́ mẹ́ta ló gbé iṣẹ́ yìí ró. Wicks ló ṣe àkọ́kọ́. Ó jókòó níwájú Jud, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ìṣekúṣe rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe pé ó ń wá ìdáríjì, ó fẹ́ kí ojú ti ọ̀dọ́ àlùfáà náà ni. Ó sọ sákírámẹ́ǹtì di pàṣán. Àwọn kan ti fi èyí wé I Confess, fíìmù tí Hitchcock ṣe lọ́dún 1953, ṣùgbọ́n àfiwé náà kò wọlé. Nínú fíìmù Hitchcock náà, tó wáyé ní Quebec, ohun tí Fadá Logan gbọ́ lẹ́nu apànìyàn ló dí i lẹ́nu. Àṣírí ni Hitchcock ń ṣọ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ ẹni tó gbọ́ ọ dà ni Johnson ń ṣọ́ ní tirẹ̀.

Ìjẹ́wọ́ kejì ni ọ̀pọ̀ àwọn alátakò ń fò dá, òun gan-an sì ni ọkàn fíìmù. Ìwádìí ti gbóná. Jud pe ilé-iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan lórí fóònù, ó fẹ́ mọ ẹni tó béèrè iṣẹ́ níbi ibojì tí wọ́n sin Wicks sí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Louise ló gbé e. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu obìnrin yìí. Jud ń kánjú, Blanc ń kánjú, òǹwòran náà ń kánjú, ẹ̀rín sì ń pa gbogbo ènìyàn. Lójijì ohùn Louise rọ̀. Ó ní kí Fadá jọ̀wọ́ gbàdúrà fún òun. Ìyá òun ń kú lọ, àárín àwọn méjèèjì kò sì dán mọ́rán. Jud dákẹ́. Ó gbé fóònù wọ yàrá mìíràn lọ, ó sì bá a gbàdúrà, kò tún wo aago mọ́. Blanc dúró títí.

Bridget Everett ló ṣe Louise. Ohùn ló fi ṣe gbogbo iṣẹ́ náà: ohùn tó ń ṣàwàdà, tó wá sán láàárín gbólóhùn, tó sì ń gbìyànjú láti má sunkún létí àlejò. Kí ni ẹni tó kọ lámèyítọ́ ẹlẹ́gbẹ̀rún ọ̀rọ̀ láìdárúkọ rẹ̀ rí wò? Lẹ́yìn ìpè yìí ni Jud sọ fún Blanc pé òun kò ṣe ìwádìí mọ́, pé iṣẹ́ òun kì í ṣe láti mú ènìyàn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìjẹ́wọ́ gan-an, tó bọ́ sórí etí tó ń gbọ́ ọ. Wicks jẹ́wọ́, kò sì sí ìwòsàn. Louise kò jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kankan tó tó nǹkan, síbẹ̀ ara tù ú.

Etí yìí ló yí iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ padà ní ìparí. Ẹni tó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù (1969) mọ ohun tó ń retí lọ́wọ́ ẹni bíi Lápàdé, ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí dá: kó tọpa ọ̀daràn títí tọ́wọ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́. Blanc náà kó gbogbo ènìyàn jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gun orí àga ìwàásù, ó ti fẹ́ tú àdììtú náà. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú. Steve Yedlin ló ya àwòrán fíìmù náà. Òun ló ti mú kí oòrùn wọ ṣọ́ọ̀ṣì yìí nígbà tí Jud kọ́kọ́ dá Blanc lóhùn lórí ìgbàgbọ́. Blanc mọ apànìyàn, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè yanjú rẹ̀. Ó gba ẹ̀tẹ́ níṣojú gbogbo wọn kí Martha Delacroix (Glenn Close), ìyá tó ń bá Wicks bójú tó ṣọ́ọ̀ṣì, lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ìjẹ́wọ́ kẹta nìyí. Martha ti gbé májèlé jẹ. Ó jẹ́wọ́ ìdìtẹ̀ ikú Wicks fún Jud, ṣùgbọ́n Jud gbọ́ ohun tí kò tíì sọ: ìkórìíra tó ti ní sí Grace, ìyá Wicks, láti kékeré. Ó rọra tọ́ ọ débẹ̀, Martha dárúkọ Grace, ó gba ìdáríjì, ó sì kú. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó lè fi ọgbọ́n orí fa èyí yọ, nítorí kò sí nínú ẹ̀sùn tí ọlọ́pàá ń wádìí. Ìdí nìyẹn tí Johnson fi gbé ìpànìyàn rẹ̀ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí kò sì gbé e sínú ilé olówó bíi ti Knives Out, fíìmù rẹ̀ ìṣáájú.