Fọ́, Ṣẹ́, Já: Àríwísí lórí Bí a Ṣe Ń Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì 'Break' fún Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́, pẹ̀lú Àfiwé láti inú Èdè Ṣáínà

Ìfáárà

Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọmọ máa ń tètè bá pàdé nínú ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni 'break'. Kò gùn, kò sì ṣòro láti pè. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a sọ ọ́ ní Yorùbá, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a lọ ṣe àbẹ̀wò sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni ní agbègbè Ìyànà Ìpájà, ohun tí a bá nínú ìwé tí àwọn ọmọ fi ń kọ iṣẹ́ kíláàsì kò ju èyí lọ: 'break' — fọ́. Ní ọjọ́ kan náà ni ọmọ kan ń fẹjọ́ sùn pé ẹnìkejì òun fọ́ pẹ́ńsùlù òun. Ṣẹ́ ni ó yẹ kí ó sọ. Kò sí ẹni tí ó tọ́ ọ sọ́nà, nítorí pé ohun tí ó sọ bá ohun tí ó wà nínú ìwé rẹ̀ mu.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé 'ìtumọ̀ púpọ̀' tí a ń sọ pé 'break' ní kì í ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó o. Gẹ̀ẹ́sì ni ó kó oríṣiríṣi ìṣẹ̀lẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan. Olùkọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò máa wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò sí. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Yorùbá yóò rí ètò. A ó mú èdè Ṣáínà wọ inú ọ̀rọ̀ náà, kí ó lè hàn pé kì í ṣe Yorùbá nìkan ni ó pín ayé sí wẹ́wẹ́ báyìí.

Ìwé atúmọ̀ èdè àti kọ́mà

Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843 ni a ti ń to Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ìwé atúmọ̀ èdè ti ìjọ C.M.S. tí ó jáde ní 1913 tẹ̀lé ipa ọ̀nà yẹn. A kò lè kóyán iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí kéré. Síbẹ̀, ìwé tí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣíwájú sábà máa ń to àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá tẹ̀léra, kọ́mà ni yóò sì wà láàrin wọn. Kọ́mà kò sọ fún ọmọ pé okùn ni ó ń já, pé igi ni ó ń ṣẹ́. Lójú ọmọ, gbogbo wọn dọ́gba, yóò sì mú èyí tí ó bá kọ́kọ́ rí.

Ti R. C. Abraham yàtọ̀. Ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1958 bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Yorùbá, ó sì ń fi àpẹẹrẹ gbe ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹ̀, tí a fi ń rí àwọn ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó ń bá a rìn. Ọdún yẹn náà ni ìwé Olóyè Délànọ̀ jáde, èyí tí ó fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Ó ṣeni láàánú pé àwọn ìwé pélébé tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ni ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ju méjèèjì lọ.

Ètò tí ó wà nílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Ìgò náà fọ́.
b. Igi náà ṣẹ́.
d. Okùn náà já.
e. Aṣọ náà ya.
ẹ. Táyà náà bẹ́.

Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ fún (1e) àti (1ẹ). Mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ó kó sínú 'break'. Yorùbá kò jẹ́ kó wọn pọ̀. Ohun líle tí ó lè tú sí wẹ́wẹ́ ni ó ń fọ́: ìgò, ìkòkò, ẹyin, dígí. Ohun gbọọrọ tí ó gan ni ó ń ṣẹ́. Ohun gbọọrọ tí ó rọ̀, tí a fà tàbí tí a fi so nǹkan, ni ó ń já. Èyí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe náà ti sọ irú ohun tí ó jẹ́ olùwà rẹ̀ fún wa kí a tó dárúkọ rẹ̀. Bí ẹnìkan bá kígbe láti inú yàrá pé 'ó já o!', ẹni tí ó wà níta mọ̀ pé kì í ṣe àwo. Oúnjẹ ní tirẹ̀, a ń bù ú ni; èkùrọ́, a ń pa á.

Kò sí ibi tí ètò yìí ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tó ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Ní Ìyànà Ìpájà, níbi tí ọkọ̀ Ẹgbẹ́dá, ti Ìkọ̀tún, ti Ìpájà àti ti Agége ti ń pàdé lórí òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, ọkọ̀ tí ó dákú kò ṣọ̀wọ́n. Gíláàsì rẹ̀ ni ó ń fọ́, sáàfù ṣẹ́, bẹ́líìtì já, táyà bẹ́, awọ ìjókòó ya. Ọ̀rọ̀ àyálò ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó ṣi ọ̀rọ̀-ìṣe mú. Èyí tí ó wù wá jù ni pé bíréèkì já. Bíréèkì kì í ṣe okùn. Ohun tí ó ń di ọkọ̀ mú ni. Nígbà tí kò bá lè dì í mú mọ́, ó já, bí okùn tí a fi so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ṣe ń já. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò yẹ ìwé wò.

Bí ọ̀rọ̀ bá kúrò lórí ohun tí a lè fọwọ́ kàn, ọ̀nà tún pín. Òfin ni a ń rú, àdéhùn ni a ń yẹ̀, májẹ̀mú ni a ń dà. Aláàwẹ̀ ń ṣínu. Ẹni tí ó bá ìjà nílẹ̀ ń là á. Ilẹ̀ ń mọ́. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì, èyí tí ó parí ní 1884, mọ èyí. Wọ́n lo bù fún àkàrà, fọ́ fún wàláà òkúta Mósè, já fún okùn tí a fi di Sámúsìnì. Nínú ìwé ìròyìn òde òní náà, ẹni tí ó pe ìròyìn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 'yàjóyàjó' ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ gidi. Bí ó bá tẹ̀lé ìwé ọmọ kíláàsì wa ni, 'ìròyìn fífọ́' ni à bá máa gbọ́.

Èdè Ṣáínà ńkọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ohun tí Ṣáínà wá ṣe níbí. Èdè náà kò jìnnà sí wa mọ́. Wọ́n ń kọ́ ọ ní Yunifásítì Èkó. Ṣùgbọ́n ìdí wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Mandarin, èdè olóhùn bíi ti wa, 'duàn' ni a ń lò fún okùn tí ó já àti igi tí ó ṣẹ́. 'Suì' fún ohun tí ó fọ́ sí wẹ́wẹ́. 'Pò' fún ohun tí ó fọ́, tí ó ya tàbí tí ó lu. 'Huài' fún ohun tí ó bàjẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Síkíríìnì fóònù tí ó fọ́ yángá, 'suì' ni. Fóònù tí kò tàn mọ́, 'huài' ni. Ẹni tí ó ń tún fóònù ṣe ní Ìyànà Ìpájà yóò ní ọ̀kan fọ́, èkejì bàjẹ́, kò sì ní í da méjèèjì pọ̀.

Ìjọra tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe:

(3) a. Ó fa okùn náà já. ('lāduàn')
b. Ó tẹ ẹyin náà fọ́. ('cǎisuì')
d. Ó fa ìwé náà ya. ('sīpò')

Nínú (3a), 'lā' ni fà, 'duàn' ni já. Nínú (3b), 'cǎi' ni tẹ̀, 'suì' ni fọ́. Èdè méjèèjì sọ ohun tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe, wọ́n sì sọ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. 'Break' sọ àbájáde nìkan. Kò sọ fún wa bóyá ẹyin náà bọ́ ni tàbí a tẹ̀ ẹ́. Ìyàtọ̀ kan wà: Mandarin máa ń so ọ̀rọ̀-ìṣe méjèèjì pọ̀ kí àbọ̀ tó dé, ti wa sì máa ń fi àbọ̀ sáàrin.

Kí a má ṣe sọ àsọdùn. 'Duàn' kò mọ ìyàtọ̀ já àti ṣẹ́, àwọn ará Ṣáínà sì ń lo 'dǎpò' fún ìgò àti fún àkọsílẹ̀ eré ìdárayá tí ẹnìkan borí, gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo 'break'. Èdè kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí ó ti fà ìlà tirẹ̀. Ní 2007, Asifa Majid àti Melissa Bowerman darí àkójọ ìwádìí kan lórí gígé àti fífọ́ nínú èdè 28, nípa fífi àwòrán alárìnká 61 han àwọn ẹlẹ́dàá-èdè kí wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Mandarin wà níbẹ̀, Ewe tí wọ́n ń sọ ní Gánà àti Tógò wà níbẹ̀. Yorùbá kò sí.

Bí a bá yí i padà

Alátakò lè sọ pé bí 'break' bá jẹ́ ẹrù ọ̀rọ̀, já náà kò fúyẹ́. Òótọ́ ni. Okùn ń já, a ń já ewé, awakọ̀ ń já èrò sílẹ̀, títì ń já sí Ẹgbẹ́dá, ọ̀rọ̀ ń já sí asán. Bí ọmọ Ṣáínà tàbí ọmọ Gẹ̀ẹ́sì bá fi kọ́mà kọ gbogbo èyí sílẹ̀, orí rẹ̀ yóò dàrú bíi ti ọmọ wa. Ohun tí ó ń gbà á ni gbólóhùn àti ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí a sì ń béèrè fún ọmọ tiwa náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ èdè. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìlànà èdè tí Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022 gba ọ̀nà yẹn. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì sì padà sípò. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2018 ṣì sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́ ni. Bí olùkọ́ bá wá lo ìwọ̀nba àkókò yẹn láti kọ 'break' — fọ́ sójú pátákó, ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ó tún ń kọ́ wọn, èyí tí kò dára sì ni.

Ohun tí a ń dábàá kò ná ni lówó púpọ̀. Kí olùkọ́ mú okùn, ẹ̀ka igi, ẹyin àti ewé ìwé wọ kíláàsì. Kí ó fa okùn náà já, kí ó tẹ ẹyin fọ́, kí ó má sì dárúkọ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Kí ó béèrè pé, 'Kí ni ó ṣe é?' Kí ó kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀, títí kan èyí tí ó rò pé ó ṣì. Fún egungun, yóò gbọ́ ṣẹ́, yóò gbọ́ dá, yóò gbọ́ kán, nítorí àwọn òbí ọmọ Alímọ̀ṣọ́ wá láti ilẹ̀ Yorùbá káàkiri. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn àgbà Àwórì tí wọ́n ni Ìpájà ń lò, orí egungun wo sì ni wọ́n ń lò ó fún? Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹta tí ó bá ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lè wọ ọkọ̀ ní Ìyànà lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.