Làbà Ṣàngó àti òǹtẹ̀ New York

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́! Ọ̀rọ̀ báàgì ni mo gbé dé lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Láti Benson níhìn-ín títí dé Ẹ̀pẹ́, kò sọ́jà tí ẹ máa wọ̀ tí ẹ ò ní rí báàgì awọ tí wọ́n lu òǹtẹ̀ ilé-iṣẹ́ New York mọ́. Àwọn kan nínú rẹ̀, ọmọ wa ló rán an, awọ gidi ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ló wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá béèrè, wọ́n á ní báàgì Amẹ́ríkà làwọn oníbàárà ń fẹ́.

Ó dáa, kí ni báàgì Amẹ́ríkà gan-an? Coach ni ká wò, torí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ní 1941 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Manhattan. Miles Cahn, tó wá di olówó ilé-iṣẹ́ náà, ló ṣàkíyèsí ìbọ̀wọ́ awọ tí àwọn eléré baseball fi ń mú bọ́ọ̀lù: bí wọ́n ṣe ń lò ó tó ló ṣe ń rọ̀ tó, tó sì ń dán. Ó ní kí awọ báàgì òun náà rí bẹ́ẹ̀. Ní 1962, wọ́n gba Bonnie Cashin síṣẹ́. Àpò bébà tí àwọn èèyàn fi ń gbé ọjà bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù ni obìnrin yìí wò tó fi ya báàgì tiẹ̀. Irin kékeré tí a ń yí láti fi ti báàgì náà pa, ara mọ́tò rẹ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká ló ti rí i. Ìbọ̀wọ́ eléré, àpò bébà, irin mọ́tò! Gbogbo ohun tó ń rìnrìn-àjò wá bá wa pẹ̀lú owó gọbọi kò ju èyí lọ. Ohun tó wà níwájú wọn ni wọ́n wò.

Cashin tún máa ń wo ti ẹlòmíràn. Ó mú kimono Japan àti poncho Gúúsù Amẹ́ríkà wọnú aṣọ tó ń ṣe. Èèyàn lè bá a jà lórí ìyẹn, èmi gan-an ní tèmi láti sọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí poncho máa jẹ́ poncho.

Ní 1962 yẹn kan náà ni Joan Wescott àti Peter Morton-Williams tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde ní London lórí làbà Ṣàngó. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí i rí, àpò awọ tí àwọn oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ń ṣe ni, èyí tí a ń gbé kọ́ èjìká. Ojú rẹ̀ pín sí mẹ́rin, iṣẹ́ ọnà wà lójú kọ̀ọ̀kan, awọ tí wọ́n gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì rọ̀ wálẹ̀ nísàlẹ̀. Òun ni àwọn adóṣù Ṣàngó ń gbé lọ síbi tí àrá bá ti sán láti kó ẹdùn àrá. Nígbà tí wọn ò bá lò ó, ara ògiri ojúbọ ló ń wà. Báàgì ìrìn-àjò ni, àbí kí ni? Mo ti wo báàgì Cashin dáadáa, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ká fi ojú lásán mọ iṣẹ́ tí báàgì ń ṣe àti ẹni tó ń gbé e, làbà ta á yọ.

Ó ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Amẹ́ríkà tipẹ́. Bí ẹ bá ka bébà tí wọ́n lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, “Yorùbá” lẹ máa ń bá níbẹ̀ níbi tó yẹ kí orúkọ oníṣọ̀nà wà. Awọ ewúrẹ́ ilẹ̀ Haúsá náà, nígbà tó gba aṣálẹ̀ kọjá dé Yúróòpù, orúkọ Mòrókò ni wọ́n fi ń pè é. Àwọn tó rà á kò mọ Kánò.

Ẹ ò tún rí Ghana-Must-Go? 1983 tí ìjọba Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé lọ sílé ló ti gba orúkọ náà. Ní 2007, Louis Vuitton, nígbà tí Marc Jacobs ọmọ Amẹ́ríkà ń ya iṣẹ́ fún wọn, gbé irú ìlà yẹn sórí báàgì olówó ńlá. Àwa tó ń fi tiwa kó gààrí ló ń wò wọ́n.

Nítorí náà, ẹjọ́ mi pẹ̀lú àwọn tó ń ránṣọ awọ ládùúgbò wa kì í ṣe pé wọ́n wo Amẹ́ríkà. Òǹtẹ̀ ni wọ́n wò, wọn ò wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Fẹ́mi Ọláyẹbí jókòó s'Ìbàdàn, ó rán báàgì, ó fi orúkọ ara rẹ̀ pè é, FemiHandbags. Òun náà ló dá Lagos Leather Fair sílẹ̀ ní 2017. Mo rí báàgì tí mi ò fẹ́ràn láàárín irú àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tí màá bá wí.

Ẹ̀yin tí ẹ wà l'Ọ̀yọ́, ẹ bá mi dé agbo ilé àwọn oníṣọ̀nà awọ. Ẹ bi àwọn àgbà tó kù pé ta ló ṣe làbà tó wà lára ògiri wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Màá máa retí yín.